Mi ò ṣí fáìlì kankan, ṣé fláàṣì ṣì lè ṣe kọ̀ǹpútà mi ní jàǹbá?

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìbéèrè yín pọ̀ lóṣù yìí, mo sì rí i pé ibì kan náà ni púpọ̀ nínú wọn forí lé, ìyẹn inú kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún, níbi tí ojú wa kì í dé. Mẹ́rin ni mo mú. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darapọ̀ mọ́ wa, tàìpúráítà ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe kí kọ̀ǹpútà tó gbaṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sábó, Ìkòròdú, níbi tí àwọn kọ̀ndọ́ ti ń pe "Mile 12, Kẹtu, Ọjọ́ta!" síni létí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ìdáhùn mi bá dún bí ẹni tó ń pariwo, ibẹ̀ ló ti ràn mí.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ní ní Ẹbúté. A ń tẹ̀wé, a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a sì ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún JAMB. Fláàṣì tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà wa lójúmọ́ ò lóǹkà. Mo ti pàṣẹ fún ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ ṣí fáìlì kankan àfi èyí tí oníbàárà ní kó tẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sọ fún mi pé òun gbọ́ pé fláàṣì lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́ láìjẹ́ pé èèyàn ṣí ohunkóhun nínú ẹ̀. Mo ní irọ́ ni, pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, kò fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Èwo lòdodo? — Ìyá Oníwèé, Ẹbúté, Ìkòròdú.*

Ìyá wa, ẹ bá mi bẹ ọmọ náà. Òdodo ló sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí iná ara fláàṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú àti ìgbà tí orúkọ rẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin rò pé kọ̀ǹpútà ń dúró de àṣẹ yín ni. Kò dúró o. Ó ti lọ ka ojú ewé àkọ́kọ́ inú fláàṣì náà: irú ètò wo ni wọ́n fi to ẹrù inú rẹ̀, ṣé FAT32 ni, àbí exFAT, àbí NTFS, báwo ni yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, ibo ni ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn fáìlì sí ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ni gbogbo ìwọ̀nyí, ẹni tó ṣètò fláàṣì ló sì kọ wọ́n síbẹ̀. Bóyá ẹni rere ni àbí ẹni ibi, ara fláàṣì ò ní sọ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Odógunyán kọjá, ẹ mọ àwọn tírélà tó máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́. Dírẹ́bà á mú ìwé ẹrù fún ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù. Ká ní fọ́ọ̀mù tí olùtọ́jú yìí ń lò, àpótí nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà lórí ẹ̀. Dírẹ́bà kó àpò 1,050 wá. Nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nìkan ló rí àyè wọ̀: 050. Olùtọ́jú á ní kí wọ́n gbá àyè sílẹ̀ fún àádọ́ta àpò, àwọn alábàárù á sì máa já gbogbo ẹgbẹ̀rún ó lé àádọ́ta náà sílẹ̀, torí iye tó wà nínú ọkọ̀ nìyẹn. Ibo ni ìyókù máa wọ̀? Orí ẹrù ẹlòmíràn ni. Bí ẹni tó kó ẹrù wá bá sì jẹ́ oníṣẹ́ ibi, á ti mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè yẹn tẹ́lẹ̀. Tábìlì tí wọ́n ń kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ọ̀gá lé lórí ló ń já àpò sí.

Olùtọ́jú yẹn ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní kernel. Kò sí ẹni tó ju ú lọ nínú kọ̀ǹpútà. Word tí ẹ fi ń tẹ̀wé, ojú ewé tí ẹ fi ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, títí kan ohun tó ń pa fáírọ́ọ̀sì, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń tọrọ àyè. Ara iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ka ètò tí wọ́n fi to fáìlì. Bí àṣìṣe bá wà ní apá yẹn, ẹni tó bá rí i lò ti bá ọ̀gá wọlé. Àṣẹ tí ẹ pa fún ọmọ yín dáa, mi ò ní kí ẹ gbé e kúrò, ṣùgbọ́n orí fáìlì ni ẹ pa á lé. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ gbọ́, orí ẹni tó ń to fáìlì ló wà.

Àlọ́ kọ́ ni mò ń pa. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2025, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún àwọn àṣìṣe kan nínú NTFS àti nínú apá tó ń ka FAT, wọ́n sì sọ pé àwọn ọ̀daràn ti ń lò wọ́n kí àtúnṣe tó dé. Ọ̀kan nínú wọn, CVE-2025-24984 ni nọ́ńbà ẹ̀, ohun tó gbà kò ju kí ẹnì kan fọwọ́ ara ẹ̀ ki fláàṣì tó ti ṣètò sílẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, á sì rí lára ohun tó wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà náà kà. Kíkà nìkan ni o, kò lè fi pàṣẹ. Èyí tó jẹ́ ti FAT, CVE-2025-24985, burú ju ìyẹn lọ, torí òun ń jẹ́ kí àlejò ṣe iṣẹ́ tó bá wù ú nínú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, nọ́ńbà tó kún ju àpótí ẹ̀ lọ ló sì fà á, bíi ti tírélà wa. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní ti inú fláàṣì fò jáde fúnra ẹ̀. Ó di kí wọ́n tan èèyàn kó ṣí fáìlì tó ní VHD nídìí orúkọ. VHD jẹ́ fáìlì tó ń ṣe bí odindi dírááfù: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì, Windows á gbé e dìde bíi pé ẹ ki fláàṣì mìíràn bọ̀ ọ́ ni, olùtọ́jú wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ẹrù ẹ̀.

Nítorí náà, update. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀ yìí, ẹ ti ń pòṣé. Èmi náà ti pòṣé rí. Lọ́dún 2019, mo pa update lórí kọ̀ǹpútà márààrún tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àkọ́kọ́, ó ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko ọyẹ́. Èkejì, ọjọ́ kan tó ń ṣe update lọ́wọ́, ó ti dé 35 nínú ọgọ́rùn-ún báyìí ni wọ́n mú iná lọ. Mo sáré sídìí jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, mo fà á, ó wúkọ́, mo tún fà á, okùn ẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí iná fi máa dé, àwọn àmì róbótó funfun yẹn ń yí po lójú kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò wọlé mọ́. Ìwé ìpè ìgbéyàwó igba tí mo ti ṣètò tán, tí ìyàwó ń bọ̀ wá gbà lọ́jọ́ kejì, inú ẹ̀ ló wà. Mo bú update, mo bú oníná, mo sì pa á. Odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi wà bẹ́ẹ̀, tí mò ń gba fláàṣì lọ́wọ́ gbogbo Ìkòròdú. Bí mo bá rántí, ara mi máa ń bù máṣọ.

Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ ṣì dára ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì ṣe update ẹ̀ nígbà tí bátìrì kún, kì í ṣe nígbà tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ wo irú Windows tó wà lórí ẹ̀. Windows 7 ti di aláìlólùtọ́jú láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Ti Windows 10 parí lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan ni wọ́n ń bá ṣe é di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí à ń rà ò sì lè gbé Windows 11, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún irú iṣẹ́ tiyín rèé: ẹ ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ fún fláàṣì oníbàárà, kó má jẹ́ èyí tí ìwé JAMB àti nọ́ńbà NIN àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà lórí ẹ̀. Kékeré tó ti gbó náà á ṣe é, tó bá ṣáà ń gba àtúnṣe. Kí ẹ sì bá mi kọ VHD àti ISO (òun náà ń ṣe bí odindi dírááfù) gàdàgbà sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú ọmọ yín, pé oníbàárà tó bá ní kó ṣí irú ẹ̀ kò wá tẹ̀wé.

*Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ayàwòrán ayẹyẹ ni mí. Mo fa káàdì kámẹ́rà mi yọ lára láptọ́ọ̀pù nígbà tó ṣì ń da àwòrán kọ, ní báyìí ó ní àfi kí n fọ́máàtì ẹ̀. Àwòrán ìsìnkú ọlọ́jọ́ méjì ló wà nínú ẹ̀. Ṣé wọ́n ti hack mi ni? — Ayàwòrán, Ìgbógbó.*

Ẹnikẹ́ni ò hack yín. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fa ìwé ẹrù ya. Àwòrán ṣì wà nínú káàdì, ìwé tó ń sọ ibi tí wọ́n wà ló bàjẹ́. Ẹ má tẹ fọ́máàtì, ẹ má sì tún fi káàdì yẹn ya ẹyọ àwòrán kan mọ́, kó má baà lọ jókòó lórí òkú olókùú. Ẹ gbé e fún ẹni tó lè kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà odindi káàdì náà, kó wá fi PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni, ṣa àwòrán jáde lára ẹ̀dà. Orúkọ àwọn fáìlì á ti sọnù, ẹ ó jókòó tò wọ́n.

*Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Odógunyán níbí, Ubuntu ni mò ń lò, ìyẹn irú Linux kan, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ń jiyàn. Ó ní irú àṣìṣe inú kernel tó ń bá Windows fínra ò sí nínú Linux, mo ní ó wà, pé mo ti gbọ́ orúkọ Dirty Pipe rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ju orúkọ lọ. Ẹ bá wa dá a, ẹgbẹ̀rún méjì náírà wà nílẹ̀. — Olùjiyàn, Odógunyán.*

Àbúrò, ìwọ lo jàre, ṣùgbọ́n má tíì gbowó. Bí o bá gbọ́ ìtàn Dirty Pipe yìí tán, wàá rí i pé ẹnìkejì rẹ náà ní ibi tó dì mú.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìtàn kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀ lọ, nítorí pé ẹjọ́ oníbàárà ló fi bẹ̀rẹ̀, bíi tiwa ní Sábó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń bá àwọn èèyàn gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn, oníbàárà kan ní fáìlì tí òun gbà sílẹ̀ ò ṣeé tú. Àkọsílẹ̀ àwọn tó wá sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹ̀ lójúmọ́ ló wà nínú fáìlì náà, wọ́n máa ń fún un pọ̀ kó má gba àyè. Max Kellermann, oníṣẹ́ ibẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà àyẹ̀wò tó wà nídìí fáìlì náà ò bá ohun tó wà nínú ẹ̀ mu. Ó fọwọ́ tún nọ́ńbà náà ṣe, ó ní ó ti parí, ó bá tiẹ̀ lọ. Ohun tí èmi náà á ṣe nìyẹn.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn. Nígbà tó wá kó gbogbo wọn jọ síwájú ara ẹ̀, ó rí i pé báìtì mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn (báìtì ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi to fáìlì) ni nǹkan máa ń ṣe, báìtì mẹ́jọ kan náà ló sì máa ń wà níbẹ̀: 50 4b 01 02 1e 03 14 00. Bí o bá ka 50 àti 4b sí lẹ́tà, P àti K ni, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz tó dá ZIP sílẹ̀. Kò sí fáìlì ZIP tí kò ní PK nínú. Ó tún rí i pé púpọ̀ nínú àwọn fáìlì tó bàjẹ́, ti ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n.

Mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibí yìí. Ìyàwó mi ní ta ló jẹ góòlù.

Ṣé o rí i, bí oníbàárà bá fẹ́ ti odindi oṣù, ilé iṣẹ́ náà á fa àwọn fáìlì ojoojúmọ́ gba inú páìpù kernel (ọ̀nà tí ètò kan fi ń gbé ọ̀rọ̀ fún ètò mìíràn) kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á di ZIP kan. Lẹ́yìn tí fáìlì ọjọ́ tó kẹ́yìn bá ti kọjá ni ìwé àkójọ ZIP, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, á tẹ̀ lé e. Báìtì tó yẹ kó lọ sínú ZIP ló ń lọ jókòó sí ìdí fáìlì tó ṣáájú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ètò tó ń ṣe ZIP yìí ò láṣẹ láti kọ nǹkan kan sínú àwọn fáìlì ojoojúmọ́. Kíkà nìkan ni wọ́n fún un. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́, báwo ló ṣe ń gbé ẹrù sínú yàrá?

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó kọ ètò kéékèèké méjì, kò sí èyí tó gùn nínú wọn. Àkọ́kọ́ ń kọ AAAAA sínú fáìlì kan láìsinmi. Èkejì ń fa fáìlì yẹn gba inú páìpù kọjá, lẹ́yìn náà á kọ BBBBB sínú páìpù, kì í ṣe sínú fáìlì. Ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa ṣiṣẹ́, ó wá ṣí fáìlì náà wò. BBBBB ti wọnú ẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó ti mú olè náà lọ́wọ́, kernel fúnra ẹ̀ sì ni.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Wo ìyá olóúnjẹ kan tí àyè mẹ́rìndínlógún wà lórí tábìlì ẹ̀, bí páìpù náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ sínú àwo tirẹ̀ tí àwo ò kún, ọmọ ọ̀dọ̀ á fi ẹfun sàmì síwájú àyè yẹn: "ẹ lè bù kún un." Oníbàárà jẹun tán, wọ́n gbé àwo kúrò, kò sẹ́ni tó nu ẹfun. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan gbé ìkòkò ọbẹ̀ láti ilé ara ẹ̀ wá, ó sọ ọ́ ka àyè kan náà, kí wọ́n má baà máa bu ọbẹ̀ láti ìkòkò sínú àwo lẹ́ẹ̀mejì. (Kernel fẹ́ràn irú ẹ̀, ó ń dín iṣẹ́ kù.) Ẹni tó tún gbé ọbẹ̀ dé rí ẹfun, ó dà á sínú ìkòkò onìkòkò. Ìkòkò yẹn ni ojú ewé fáìlì tó wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo ètò inú kọ̀ǹpútà ń kà. Ẹni tó bá lè ka fáìlì tí orúkọ àwọn aláṣẹ wà nínú ẹ̀ ti lè yí i padà, kó sì sọ ara ẹ̀ di root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà náà. Kò lè fi kún gígùn fáìlì, kò sì lè fọwọ́ kan báìtì àkọ́kọ́ ojú ewé. Àfi ìyẹn.

Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti gbàgbé láti máa nu àyè yẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, torí nígbà náà kò tíì sí ẹfun tó lè fa irú ìjàǹbá yìí. Kernel 5.8, tó jáde lọ́dún 2020, ló mú ẹfun dé. Ẹni tó mú un dé ò mọ̀ pé tábìlì ò kí ń rí ìnù.

Ibi tí ẹnìkejì rẹ dì mú wá rèé. Ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2022 ni Kellermann fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣọ́ kernel Linux, òun àti àtúnṣe ẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ 23, àtúnṣe ti jáde nínú 5.16.11, 5.15.25 àti 5.10.102. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Ọjọ́ 7 oṣù kẹta ló wá sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Má fi nọ́ńbà nìkan ṣèdájọ́ Ubuntu rẹ o, torí wọ́n máa ń fi àtúnṣe sínú nọ́ńbà tiwọn. Ṣe update, kí o sì pa kọ̀ǹpútà kí o tún un tàn. Kernel tuntun kì í gorí oyè nígbà tí ti àtijọ́ ṣì jókòó síbẹ̀, mo sì mọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kàn máa ń pa á dé ni.

Bí o bá tún fẹ́ èyí tó jẹ́ ti fáìlì pọ́ńbélé, wá ti Sequoia tí Qualys kéde lọ́jọ́ 20 oṣù keje ọdún 2021. Èèyàn á ṣe fódà sínú fódà, sínú fódà, títí àdírẹ́sì ẹ̀ á fi gùn ju gígábáìtì kan lọ. Kernel ka gígùn ẹ̀ sínú àpótí nọ́ńbà tó kéré, nọ́ńbà náà ré kọjá òkè, ó sì bọ́ sísàlẹ̀ òdo, kernel wá lọ kọ "//deleted" síbi tí kì í ṣe tiẹ̀. Ọdún 2014 ni àṣìṣe yẹn ti wà níbẹ̀. Ẹ pín owó náà sí méjì.

*Ọmọ mi, mo kí ọ. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 2019 ni wọ́n ra fóònù Android tí mò ń lò fún mi. Ọmọ-ọmọ mi ní ó ti gbó, pé àwọn olè á gba inú kernel ẹ̀ wọlé kó owó ìfẹ̀yìntì mi. Ó ní kí n ra tuntun kí n gbé èyí fún òun. Kí lo rí sí i? — Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀dé.*

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sì wà nínú ẹ̀.

Dirty Pipe tí mo sọ lókè yìí, kò kàn yín. Kernel Linux ló wà nínú Android lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti inú fóònù 2019 ti dàgbà ju èyí tí wọ́n bá a nínú ẹ̀ lọ. Àwọn fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà náà ló kàn, irú bíi Pixel 6 àti Galaxy S22. Àgbàlagbà tiẹ̀ rí ibi sá sí lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó ṣáájú ẹ̀, Dirty COW, tó ti wà nínú Linux láti 2007 tí wọn ò rí i títí di 2016, ó kan Android gan-an, ṣùgbọ́n ó yẹ kí fóònù tí wọ́n ṣe ní 2019 ti ní àtúnṣe ẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti mọ ẹsẹ̀ tí fóònù yín wà nìyí: ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About phone, ẹ wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Android security update. Lórí àwọn fóònù mìíràn, ẹ máa tẹ Android version kí ẹ tó rí i. Bí ọjọ́ náà bá ti lé ní ọdún méjì, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti gbàgbé yín, ẹ má sì tún máa fi ọ̀rọ̀ báńkì sí i. Ẹ lè máa fi gbọ́ rédíò, kí ẹ máa fi pe èèyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ọmọ náà ò sọ. Irú àṣìṣe kernel méjèèjì yìí, olè tó ti wọ àgbàlá ló ń fún ní kọ́kọ́rọ́ iyàrá. Ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ mú un wọ àgbàlá, ìyẹn ni pé kí ètò kan tí ò mọ́ ti wà lórí fóònù náà. Ta ló ń bá yín gbé ètò sórí fóònù, Bàbá? Ta ló fi WhatsApp àdàmọ̀dì yẹn síbẹ̀, èyí tí kò sí nínú Play Store, tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kéèyàn rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti pa rẹ́? Bí irú ẹ̀ bá wà lórí ẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Bí ẹ ò bá rí ojú ibi tí ẹ ó tẹ̀, ẹ gbé fóònù náà bọ̀ ní Sábó lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Màá wò ó fún yín láìgbowó. Kí ọmọ-ọmọ yín dúró sílé.